Kí ni géèmù ti kọ́ yín nípa ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó?

Ọmọ Òkè-Àdó

Ẹ̀yin ará wa ní Ìbàdàn, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, mo sì gbà pé láàárín ẹ̀yin tí ẹ ń gbá géèmù, ẹ̀yin tí ẹ ti gbá a rí, àti ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń gbá a, a ó rí ìmọ̀ràn tí yóò ṣe èmi àti ẹlòmíràn láǹfààní.

Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe ní Dùgbẹ̀. Ní ọdún 2019, mo ra àlòkù ẹ̀rọ géèmù Nintendo Switch kan, géèmù kan ṣoṣo ló sì bá a wá: The Legend of Zelda: Breath of the Wild, èyí tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2017. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, jagunjagun kan ló jí lẹ́yìn tó ti sùn fún 100 ọdún, tí wọ́n wá sọ fún un pé ọmọbìnrin ọba wà láàfin, òun nìkan ló ń fi agbára rẹ̀ sé ẹ̀mí búburú kan mọ́ ibẹ̀ kó má baà pa ìlú run. Iṣẹ́ rẹ ni kí o lọ gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n géèmù náà kò ní kí o yára. O lè lọ ṣa olú nínú igbó, o lè mú ẹṣin igbó kí o sì kọ́ ọ títí yóò fi gbà kí o gun òun, ọmọbìnrin ọba á ṣì máa dúró dè ọ́, ì báà jẹ́ fún ọdún kan. Kò ní rẹ̀ ẹ́, kò sì ní kú.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn jù ni irúgbìn kéékèèké tó wà lọ́wọ́ àwọn iwin igbó kan. O gbé òkúta kan lórí òkè, iwin kan yọ jáde, ó fún ọ ní irúgbìn 1. Gbogbo irúgbìn náà jẹ́ 900. Òun ni o fi ń mú kí àpò ohun ìjà rẹ tóbi sí i, 441 péré ló sì tó láti mú un dé ibi tí kò lè tóbi mọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ mo ń wá ìyókù. Ẹni tó bá kó gbogbo 900 pé, ẹ̀bùn tí wọ́n fún un ni nǹkan kan tó ń dán bíi wúrà, tó sì rí bí ìgbẹ́.

Ní àkókò yẹn gan-an ni bàbá mi sọ fún mi pé kí n mú àwọn lọ rí dókítà ojú, nítorí pé iná mọ́tò ń fọ́n ká lójú wọn ní alẹ́. Wọ́n ní, "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kánjúkánjú, ìgbà tí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀." Wọn kò sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Oṣù méje ni mo fi ń sọ pé ó di Sátidé tó ń bọ̀. Mo sì mọ ohun tí mo fi àwọn Sátidé náà ṣe, nítorí ẹ̀rọ náà ń ka wákàtí sílẹ̀, ó sì ti ju 300 lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, mo jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n ń jẹ àmàlà. Ẹran wà ní apá òsì àwo náà. Mo rí i tí ọwọ́ wọn ń wá a kiri, tí wọ́n fi ìka kan etí àwo, tí wọ́n wá ń yí àwo náà díẹ̀díẹ̀ títí ẹran fi bọ́ sí iwájú wọn, tí wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ tí à ń sọ lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé wọn kò rí apá ibẹ̀ mọ́. Dókítà ní glaucoma ni, pé ó máa ń jẹ ìríran láti ẹ̀gbẹ́ wá láìsí ìrora, pé èyí tó ti lọ kò ní padà, àmọ́ oògùn lè dáàbò bo ìyókù.

Mi ò di ẹ̀bi ru géèmù, èmi ni mo yàn án. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ó mọ́ mi lára láti máa rò pé ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ yóò máa dúró dè mí níbi tí mo fi í sí. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni géèmù ti kọ́ ẹ̀yin nípa ohun tó yẹ kó ṣíwájú àti ohun tó lè kẹ́yìn? Ì báà jẹ́ ẹ̀kọ́ tó wúlò, ì báà jẹ́ èyí tí ẹ ní láti gbàgbé.

Ìyá Ìbejì, Apẹ̀tẹ́

Ẹ kú ìrójú ọ̀rọ̀ bàbá. Kí Ọlọ́run bá wa dá ojú tó kù sí.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, The Sims ni mo ń gbá lórí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ mi, géèmù kan tó ti jáde láti ọdún 2000. Èèyàn inú ilé ni o ń tọ́jú níbẹ̀. Ohun mẹ́jọ ni géèmù náà ń wọ̀n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: ebi, ìgbádùn ara, ìmọ́tótó, ìgbẹ́ àti ìtọ̀, agbára, fàájì, ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú èèyàn, àti bí ibi tó ń gbé ṣe rí. Ìlà kọ̀ọ̀kan a máa jẹ́ àwọ̀ ewé nígbà tí nǹkan bá dára, á sì pọ́n nígbà tí kò bá dára. Bí ìlà wọ̀nyí bá ti lọ sílẹ̀, o lè pàṣẹ fún ẹni náà pé kó lọ kàwé tàbí kó lọ wá iṣẹ́, kò ní ṣe é. Á mi orí, á ní inú òun kò dùn.

Mo gbá a fún bí ọdún méjì kí n tó lóye ohun tí mò ń wò. Èmi ni mo máa ń sáré fi ọmọ inú kọ̀ǹpútà sùn nígbà tí agbára rẹ̀ bá pọ́n, tí èmi fúnra mi kò tíì sùn láti àná. Lẹ́yìn tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òru ní wọ́ọ̀dù, mo rí i pé àwa èèyàn ní ìlà wọ̀nyí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó yà á sí òkè orí wa kí ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ lè rí i. Bàbá yín náà ní ìlà tó ti pọ́n, ọwọ́ wọn tó ń wá ẹran nínú àwo ló fi í hàn yín.

Nítorí náà, ohun tí mò ń ṣe nìyí. Mo mọ ìlà méjì tó máa ń yára pọ́n jù lára mi, èyíinì ni oorun àti ìbáṣepọ̀. Bí mo bá ti ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ nítorí omi tó dà sílẹ̀, mo mọ̀ pé oorun ni, kì í ṣe omi. Mi ò ní ṣe ìpinnu kankan lórí owó tàbí lórí ilé ọkọ ní ọjọ́ náà. Ìbáṣepọ̀ ló ṣòro fún mi láti mọ̀, nítorí kì í kígbe. Mo wá fi orúkọ èèyàn mẹ́rin sí ẹ̀yìn ìwé tí mo ń kọ iṣẹ́ òru mi sí, mo sì ń kọ ọjọ́ tí mo gbọ́ ohùn wọn kẹ́yìn sí iwájú orúkọ náà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é ni mo rí i pé ó ti lé ní oṣù mẹ́rin tí mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Ṣakí sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

Ọlọ́kadà Ìwó Road

Èmi kò ní ẹ̀rọ ńlá, Candy Crush ni mò ń gbá lórí fóònù nígbà tí mo bá ń dúró de èrò. Ẹ̀mí márùn-ún ni géèmù náà máa ń fúnni, bí o bá sì pàdánù ọ̀kan, ó di lẹ́yìn 30 ìṣẹ́jú kí òmíràn tó dé, àfi kí o fi owó rà á. Mo pinnu pé mi ò ní rà á láéláé. Bí márùn-ún bá ti tán, mo ki fóònù bàpò, mo wá èrò lọ. Ohun tí kò bá lópin fúnra rẹ̀, ẹ wá òpin fún un kí ẹ tó jókòó tì í.

Bàbá Ọlọ́pọ́n, Òjé

Mo kí gbogbo yín. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ẹni ọdún 71. Ọmọ ọmọ mi ló ń ka ọ̀rọ̀ yìí sí mi létí, òun náà ló ń bá mi tẹ ìdáhùn mi.

Kí n tó sọ ti ayò, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí gbólóhùn tí bàbá ọmọ Òkè-Àdó sọ. Nígbà tí àgbàlagbà bá sọ pé "kì í ṣe ọ̀rọ̀ kánjúkánjú", ẹ má ṣe gbà á bí ó ṣe sọ ọ́. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà kéré lójú wa. A kò fẹ́ kí ọmọ máa wò wá bí ẹrù ni. Èmi náà ti fi ìrora orúnkún pamọ́ fún àwọn ọmọ mi rí, nítorí mo rí i pé owó ilé ẹ̀kọ́ ń dà wọ́n láàmú. Lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá ti sọ ọ́ ni kí ẹ ti dá ọjọ́, kí ẹ sì sọ ọjọ́ náà létí wọn. Bí ẹ bá dá ọjọ́, inú àwa yóò balẹ̀. Bí ẹ bá sọ pé ó di ìgbà tí àyè bá yọ, a kò ní tún béèrè mọ́.

Ní ti ayò ọlọ́pọ́n, ihò 12 ni ọpọ́n ní, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta a máa sáré jẹ ohun tó bá ti rí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta á yan ihò kan, á máa kó ọmọ jọ síbẹ̀, òun ni à ń pè ní odù. Bí ó ṣe ń kó o jọ, ẹnìkejì á máa jẹ méjì níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún, àwọn tó dúró yí ká á sì máa pariwo pé kó ta á. Kò ní dá wọn lóhùn. Àwọn ihò yòókù ni yóò máa fi gbéra, yóò sì gbà kí wọ́n jẹ ẹ́ díẹ̀, nítorí ó mọ ohun tó ń dúró dè. Mo rò pé ìṣòro púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tí mo kọ́ ni pé wọn kò lè fara da kí wọ́n jẹ wọ́n ní ọmọ méjì. Wọ́n fẹ́ lọ sí gbogbo òde àríyá, wọ́n fẹ́ dá gbogbo èèyàn lóhùn, wọ́n fẹ́ ṣe gbogbo òwò. Kò sí odù kankan lórí ọpọ́n wọn.

Òfin kan tún wà tó yẹ kí ẹ̀yin òṣìṣẹ́ rántí. Bí ilé ẹnìkejì rẹ bá ṣófo, o gbọ́dọ̀ ta ọmọ sọ́dọ̀ rẹ̀ bí o bá ní èyí tó lè débẹ̀, kí òun náà lè rí ohun tí yóò ta. Bí gbogbo rẹ̀ bá wà lọ́dọ̀ rẹ nìkan, ayò ti parí nìyẹn. Ọkùnrin tó bá kó gbogbo wákàtí rẹ̀ fún iṣẹ́, tí kò ta ìkankan sọ́dọ̀ àwọn tó wà nílé, kí ó má ṣe yà á lẹ́nu pé wọn kò bá a ta mọ́.

Onílé Géèmù, Agbowó

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀, a dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára.

Èmi ni mo ni ilé géèmù ní Agbowó, tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin àti PlayStation mẹ́rin, bọ́ọ̀lù sì ni wọ́n ń gbá jù. Mo fẹ́ sọ ohun kan tí àwọn tí kì í gbá géèmù kò mọ̀, tó sì ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Géèmù tí o bá ń gbá pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tàbí pẹ̀lú ẹni tó jókòó tì ọ́, o lè dá a dúró nígbàkígbà tí ìyá rẹ bá pè ọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí o bá ń gbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ẹni tó wà ní ìlú mìíràn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí o bá dìde, o ti fi ayò sílẹ̀ fún un. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o mọ irú èyí tí o fẹ́ gbá kí o tó mú pádì dání. Ní wákàtí tí ẹnìkan lè nílò rẹ, má ṣe bẹ̀rẹ̀ ohun tí o kò lè dá dúró. Mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kan iṣẹ́ àti ìpàdé náà.

Ohun kejì ṣòro fún mi láti sọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan máa ń wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé. Ní ọjọ́ kan, ó fi owó tí wọ́n ká sínú àpòòwé kékeré san owó géèmù, mo sì rí i pé wọ́n fi bírò kọ "owó ìdánwò" sára àpòòwé náà. Ìkọ̀wé ìyá rẹ̀ ni. Mo gba owó géèmù mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó wo àpòòwé náà dáadáa. Mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo dá gbogbo owó náà padà sínú rẹ̀, mo sì bá a dé ìsọ̀ ìyá rẹ̀, ẹni tó ń ta ata gígún. Ìyá náà kò bú mi, ó dúpẹ́ ni, ìyẹn ló dùn mí jù. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá wọ aṣọ ilé ìwé kò gbọ́dọ̀ wọlé mi kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Owó tó ń wọlé dín kù gan-an ní oṣù yẹn. Mo rò ó títí, mo rí i pé ohun tí mo kọ́kọ́ fi síwájú nígbà tí mo ṣí ilé géèmù ni kí àga má ṣófo, mi ò sì bi ara mi rí nípa ẹni tó ń jókòó lórí rẹ̀.

Ìyá Káyọ̀dé, Challenge

Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ bèèrè lọ́wọ́ ìyá ìbejì tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọmọ mi jẹ́ ọdún 16. Ní ìgbà ìsinmi, ó máa ń gbá géèmù di aago mẹ́ta òru. Ọ̀gá àdúgbò kan sọ fún mi pé àìsàn ni, pé kí n fọ́ ẹ̀rọ náà. Ṣé òótọ́ ni?

Ìyá Ìbejì, Apẹ̀tẹ́

Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọ́ ọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ICD-11 tí wọ́n fi ń to àwọn àìsàn lẹ́sẹẹsẹ, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022. Ṣùgbọ́n àìsùn ní ìgbà ìsinmi nìkan kò tó láti pè é bẹ́ẹ̀. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wò pọ̀: pé ẹni náà kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu mọ́ nídìí géèmù; pé ó ń fi géèmù ṣíwájú gbogbo ohun yòókù tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ àti iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀; pé ó ń bá a lọ bó tilẹ̀ rí i pé ó ń pa òun lára. Ó sì máa ń tó oṣù 12 tó ti ń ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó pè é ní àìsàn, àfi bí ó bá le gan-an. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe iye wákàtí ni wọ́n kọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó ṣíwájú ohun mìíràn ni wọ́n ń wò.

Nítorí náà, ẹ wo ohun tó ti fi sílẹ̀. Ṣé ó ṣì ń lọ gbá bọ́ọ̀lù ní pápá? Ṣé ó ṣì ń jẹun pẹ̀lú yín? Bí ó bá ti fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, tó sì ti pẹ́, ẹ mú un wá sí ọsibítù kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jókòó tì í ní alẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ ní kó ṣàlàyé géèmù náà fún yín.

Aránṣọ Bódìjà

Stardew Valley ni tèmi. Ọkùnrin kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Eric Barone ló ṣe é, ó lé ní ọdún mẹ́rin tó fi ṣe é kó tó gbé e jáde ní oṣù Kejì ọdún 2016. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni. Ìgbà mẹ́rin ló wà nínú ọdún, ọjọ́ 28 ni ìgbà kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà bá sì yí, ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú oko yóò kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní. Mo ra irúgbìn elégédé 40 nígbà tí mo kọ́kọ́ gbá a, mo sì gbìn ín ní ọjọ́ 17. Ọjọ́ 13 ni elégédé fi ń dàgbà. Mo ń bomi rin ín lójoojúmọ́ pẹ̀lú ìtara, mi ò sì ṣírò. Ó ku ọjọ́ méjì péré kó gbó nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọ.

Mo sunkún, mo ń sọ òótọ́ fún yín. Kì í ṣe elégédé ló pa mí lẹ́kún. Oṣù Kejìlá tó ṣáájú ìgbà náà ni mo gba aṣọ ọdún lọ́wọ́ àwọn oníbàárà títí di ọjọ́ 20, tí mi ò sùn fún òru mẹ́ta, tí ìyá ìyàwó kan sì wá jókòó sí ìsọ̀ mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó pẹ̀lú ìró lára, láìsí bùbá, nítorí mi ò tíì lẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe, mi ò ṣe ọ̀lẹ. Mo kàn gbìn ín ní ọjọ́ 17 ni.

Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn ni mo ti ń ka ọjọ́ bọ̀ wá síwájú. Bùbá àti ìró gba ọjọ́ kan lọ́wọ́ mi, agbádá tó ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ gba mẹ́rin, mo sì fi ọjọ́ méjì kún un nítorí iná. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá, mo kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé mi ò gba aṣọ ọdún mọ́. Àwọn oníbàárà kan bínú lọ ní ọdún àkọ́kọ́, púpọ̀ nínú wọn ló sì padà. Nínú géèmù náà, bí aago méjì òru bá lù tí o kò tíì wọlé sùn, wàá ṣubú síbi tí o bá wà, agbára rẹ kò sì ní kún ní ọjọ́ kejì. Mo ti ṣubú bẹ́ẹ̀ rí nídìí máṣíìnì, nítorí náà aago mọ́kànlá ni mò ń bo máṣíìnì mi báyìí.

Ọmọ Òkè-Àdó

Mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá Òjé, ẹ ṣeun, ipasẹ̀ yín la ń tọ̀. Mo ti lo ìmọ̀ràn yín lónìí. Ìyá mi sọ lórí fóònù pé eyín ń yọ àwọn lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, pé kò le, mo sì dá ọjọ́ Tuesday lójú ẹsẹ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá béèrè pé aago mélòó.

Mi ò ta ẹ̀rọ náà. Irúgbìn tí mo kó jẹ́ 612, ibẹ̀ ni mo fi í sí. Ohun tó yí padà ni pé mo kó padà sí Òkè-Àdó, nítorí oògùn ojú bàbá mi ní láti kán sí wọn lójú ní alalẹ́, ọwọ́ wọn sì ń gbọ̀n. Aago mẹ́jọ ni mo fi sí orí fóònù. Bí ó bá ti ké, mo dá géèmù dúró, mo fọ ọwọ́, wọ́n á gbé orí sẹ́yìn lórí àga, mo rọra fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, mo kán ẹyọ kan. Wọ́n á dijú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, èmi á sì dúró ti wọn.

Lálẹ́ àná, bí wọ́n ṣe dijú báyìí, wọ́n bi mí pé, "Ọmọbìnrin ọba tí o ń sọ yẹn ńkọ́? Ṣé o ti gbà á sílẹ̀?" Mo ní rárá, pé ó ṣì wà láàfin, ó ń dúró. Wọ́n ní kí n mú àga wá, kí n fi ibi tó wà hàn wọ́n, kí n sì jókòó sí apá ọ̀tún.